Ọ̀dà lé róró lábẹ́ ilẹ̀kùn MGB mi, irin inú ẹ̀ ti jẹ tán: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onímọ́tò72

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mọ́tò MGB kan wà lọ́wọ́ mi, ti 1972, èyí tí wọ́n ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo rà á, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Mò ń fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé ọ̀dà ti lé róró lábẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, mẹ́ta péré, kò ju orí ìka lọ. Mo fi èékánná ṣí ọ̀kan, nǹkan pupa kan ń dà jáde bí ìyẹ̀fun. Mo ní kí n fi sukudíráfà tọ́ ọ wò, àfi bó ṣe wọlé lọ títí dé ìdí ọwọ́ ẹ̀. Ṣe ló rí bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gún páálí tí òjò ti pa. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya, abẹ́ ọ̀dà yẹn, fílà ni, lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ara mọ́tò, ó nípọn tó ìka, ẹ̀yìn fílà ni wọ́n ki ìwé ìròyìn sí kó má baà jábọ́ sínú ihò, ìwé yẹn sì ti rin gbindin. Ẹni tó tún un ṣe kí n tó rà á ló ṣe é. Oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé kí n gé ibi tó bàjẹ́ nìkan kí n jó páànù lé e, àbí gbogbo síìlì yẹn, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ló máa lọ? Mo ní ẹ̀rọ wẹ́dì MIG kékeré kan, mo ti fi jó géètì rí, mi ò tíì fi kan bọ́dì mọ́tò.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Má tíì mú gíráńdà.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó o fẹ́ gé. MGB ò ní ṣáásì (egungun irin tó ń gbé mọ́tò) lọ́tọ̀, látìgbà tó ti jáde lọ́dún 1962 títí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe é lọ́dún 1980, bọ́dì ẹ̀ náà ni ṣáásì ẹ̀, tìẹ tí ò wá ní òrùlé irin yẹn, síìlì ọ̀tún àti tòsì ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Síìlì ọ̀hún kì í sì í ṣe páànù kan ṣoṣo. Èyí tí à ń rí níta wà, páànù kan dúró lóòró láàárín, òmíràn wà nínú, irin kan tún wà lábẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní castle rail. Ìta ò lè jẹ báyẹn kí àárín ó yè. Tó o bá jó páànù tuntun lé e lórí, ò ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe lónìí rèé, kò gbà ju wákàtí kan lọ. Jẹ́ kí mọ́tò dúró lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tó tẹ́jú, ti ilẹ̀kùn méjèèjì, kó o wọn àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká, lókè, nísàlẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀, kó o gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn. Tí ilẹ̀kùn bá há, tàbí tí àlàfo yẹn yí padà, mọ́tò yẹn ti ń tẹ̀ láàárín nìyẹn. Ìwọ̀n tó o kọ sílẹ̀ yìí lo máa fi mọ̀ bóyá o jó o dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, má sọ ìwé ẹ̀ nù.

Àǹtí_Ọ̀dà

Bọ̀dá ti sọ̀rọ̀, àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tí èèyàn kì í sáábà bèèrè. Ibo ni omi yẹn ti wọlé? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti ogún ọdún tí mo ti ń kun mọ́tò àtijọ́, díẹ̀ ni mo rí tó jẹ́ pé ìta ni ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀, tó o bá fi rí i níta, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun nínú. Tó o bá pààrọ̀ síìlì tí o ò dí ọ̀nà omi, tuntun yẹn náà á lọ bẹ́ẹ̀.

Tú féńdà iwájú kúrò, bóòtù ni wọ́n fi dè é, kò le. Wo ẹ̀yìn ibi táyà iwájú wà, níbi tí féńdà ti sún mọ́ ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá bá ẹrẹ̀ níbẹ̀. Táyà ló ń ta á síbẹ̀, kò ríbi jáde, á máa mumi bíi kànrìnkàn, ó lè má gbẹ láti oṣù dé oṣù. Orí síìlì gan-an ló ń jókòó lé.

Lẹ́yìn náà wá lọ wo ihò afẹ́fẹ́ tó wà níwájú gíláàsì. Òjò máa ń gbabẹ̀ wọlé, ó yẹ kó gba rọ́bà kékeré kan ṣàn lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ksì. Tí ewé bá ti dí rọ́bà yẹn, omi á dúró sókè títí, á wá máa jò sínú, kápẹ́ẹ̀tì á tutù, ilẹ̀ mọ́tò á sì máa jẹ láti òkè wá. Ti 1972 tún ní bátìrì méjì oní 6 fólítì lẹ́yìn àga, wo àpótí wọn, ásíìdì bátìrì ò ṣàánú irin.

Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má ha ọ̀dà, rìn ín káàkiri bọ́dì. Ibi tí kò bá ti di irin mú, fílà ló wà níbẹ̀. Fi téèpù sàmì sí i.

Ọ̀rẹ́_Fáíbà

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Èmi fi fáíbà (fiberglass) lẹ ti èmi pa, mo kùn ún, ọdún kejì rèé, kò tíì wú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní àyè láti tú mọ́tò palẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Ọ̀rẹ́, mi ò bá ẹ jà, mo sì mọ̀ pé àyè ò sí fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ síìlì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ló gbé ìwọ àtẹni tó jókòó tì ẹ́. Fáíbà ò lè di ara irin tó ti dógùn-ún mú, ara ìpáàrà ló dì mọ́, ìpáàrà yẹn á sì bó kúrò lára irin tòun ti fáíbà. Ìgbà tí mọ́tò mìíràn bá kọ lu ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ẹ ni síìlì máa ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn mọ́tò kan wà tí fáíbà ni bọ́dì wọn lóòótọ́, bíi Lotus Elan ti 1962 àti Corvette ti 1953, àmọ́ ẹ yẹ abẹ́ wọn wò, irin ló gbé wọn, irin yẹn náà sì ń dógùn-ún. Jọ̀ọ́, rá wọ abẹ́ mọ́tò ẹ lọ́jọ́ tó o bá ráyè, fi sukudíráfà tẹ ẹ̀yìn ibi tó o lẹ yẹn, kó o padà wá sọ fún wa.

Awa240Z

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi, kí ẹlòmíì má ṣe é. Datsun 240Z ni mọ́tò mi. Irin gbọọrọ méjì tó gba abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ ti lọ, ibi tí bátìrì jókòó sí ti lọ, síìlì méjèèjì náà ti lọ. Mo ń kánjú, mo gé síìlì ọ̀tún àti tòsì lọ́jọ́ kan náà, mi ò fi irin kankan dè é nínú, mo kàn gbé e lé stand mẹ́rin, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé mọ́tò dúró. Mo jó gbogbo ẹ̀ tán, ó dára lójú. Ọjọ́ tí mo gbé ilẹ̀kùn padà, ti òsì ò tì. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbá òpó, òkè ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ tí ìka lè kọjá. Mọ́tò ti tẹ̀, mo sì ti jó o mọ́ bó ṣe tẹ̀. Mo ní láti gé gbogbo ẹ̀ padà. Oṣù mẹ́rin mi lọ síbẹ̀, páànù tuntun méjì náà sì bàjẹ́.

Apá kan ni kẹ́ ẹ ṣe tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹ jọ̀ọ́.

Onímọ́tò72

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Mo wọn àlàfo yẹn: ilẹ̀kùn òsì kò yí padà, ti ọ̀tún fún pọ̀ lókè díẹ̀ nígbà tí mo gbé e pẹ̀lú jáàkì, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣí. Mo tú féńdà iwájú. Àǹtí, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ ló rí. Odindi búlọ́ọ̀kù ẹrẹ̀ ni, mo fi ọwọ́ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbẹ níta, mo pín in sí méjì, inú ẹ̀ tutù, òjò sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Mo tún rí i pé páànù àárín ti jẹ láti iwájú dé nǹkan bí ìdajì.

Mo ti gbà, gbogbo síìlì ọ̀tún máa lọ. Ẹ wá sọ bí mo ṣe máa jó o.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

O ṣeun tó o fara balẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ṣì ń ṣí, ó ṣì ṣeé gbà là, kó o fọkàn balẹ̀.

Ká tó sọ̀rọ̀ wẹ́dì, ọ̀rọ̀ iná ni. Yọ táńkì epo kúrò lára mọ́tò, gbé e jìnnà, má fi aṣọ bò ó kó o ní ó ti tó. Tú bátìrì, tú wáyà ọ́ltánétọ̀. Yọ àga, yọ kápẹ́ẹ̀tì, kó o sì ha ọ̀dà dúdú tó nípọn lábẹ́ mọ́tò kúrò níbi tó o ti fẹ́ jó, torí ó ń gbiná, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò sì ní jẹ́ kó o rí i. Kí ẹnì kan dúró tì ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpaná. Tó o bá ṣíwọ́, má lọ sùn, jókòó tì í fún wákàtí kan. Òmíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyí: má fi omi ìfọ bíréèkì fọ irin tó o fẹ́ jó, àwọn kan wà nínú wọn tó ní chlorine, tí iná wẹ́dì bá kàn án, ó ń di gáàsì phosgene, gáàsì yẹn ń pààyàn.

Ó kàn dídè. Gé páìpù irin onígun mẹ́rin, jó o láti òpó tí ilẹ̀kùn so mọ́ dé òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní ìdábùú, kó o tún fi ọ̀kan so òpó ọ̀tún mọ́ tòsì. Inú ni kó o jó o sí, kó lè ṣeé ṣe láti gbé ilẹ̀kùn kọ́ padà láìtú u, torí wàá gbé ilẹ̀kùn yẹn kọ́ tó ìgbà márùn-ún kí iṣẹ́ tó parí. Stand ẹ, abẹ́ ibi tí sípíríìǹgì jókòó sí níwájú àti lẹ́yìn ni kó wà, kì í ṣe àárín mọ́tò.

Síìlì ìta gùn ju ibi tójú rí lọ o. Ó gba abẹ́ féńdà iwájú, ó tún wọ ẹ̀yìn féńdà ẹ̀yìn lọ, nítorí náà wàá gé ìsàlẹ̀ féńdà ẹ̀yìn díẹ̀ kó o tó rí ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré ṣiṣẹ́ ti máa ń gé síìlì tuntun kúrú tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara féńdà, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò di nǹkan kan mú.

Gé ti ìta kúrò, wo ti àárín àti ti inú dáadáa, gé títí wàá fi dé irin tó ń tàn yanran. Má ṣàánú ẹ̀. Irin tó ti fẹ́lẹ́ kò ní gba iná, ṣe ló máa ń yọ́ tí ihò á máa gbòòrò, wàá máa lé ihò kiri bí ẹni ń lé adìẹ.

Wáyà 0.6 mm ni kó o lò, kì í ṣe 0.8 tó o fi jó géètì, gáàsì ẹ kó jẹ́ argon tí wọ́n da CO2 díẹ̀ mọ́. Wáyà tí kì í lo gáàsì ń gbóná jù fún páànù tí ò ju nǹkan bí 1 mm lọ. Ibi tí páànù bá ti gun orí ara wọn, bí wọ́n ṣe ṣe é ní fáktírì ni kó o tẹ̀ lé: lu ihò 6 sí 8 mm sí páànù òkè, ní bíi 3 sí 4 cm síra wọn, fi kíláàmpù fún wọn mọ́ra dáadáa, kó o jó láti àárín ihò kó kún. Ibi tí wọ́n bá ti fẹnu kora, fi àlàfo 1 mm sílẹ̀, táàkì (jó o ní kíún) ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan láàárín, má jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, irin á gbóná, á sì lọ́. Jó ẹyọ kan, fọwọ́ kàn án, tí kò bá tíì tutù, lọ síbòmíì.

Kó o tó jó èyí tó kẹ́yìn pa, gbé ilẹ̀kùn àti féńdà kọ́, kó o mú ìwé ìwọ̀n yẹn jáde.

Fi ajákù páànù tó nípọn bákan náà kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ méjì ná. Lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Tí ojú wẹ́dì bá já, iná ẹ kéré. Tí irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ya kí ojú wẹ́dì tó já, o ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Olùkọ́_Kẹ́mísìrì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé àwọn kan ń bèèrè nípa omi tí wọ́n ń kùn sí ìpáàrà tó fi ń di dúdú. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é. Irin, omi àti oxygen ló ń di ìpáàrà, iyọ̀ ń mú un yá sí i torí ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná rìn nínú omi yẹn dáadáa. Ìpáàrà tóbi ju irin tó ti ara ẹ̀ wá lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ọ̀dà sókè, tó sì ń ya páànù méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ó tún ní ihò wẹ́wẹ́, omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, kò dà bí ti alumíníọ́mù tí ìpẹtà ẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀.

Omi onífọ́sífọ́ríìkì ásíìdì máa ń sọ ojú ìpáàrà di iron phosphate, èyí tó ní tannic acid máa ń sọ ọ́ di dúdú. Ibi tó bá dé nìkan ló ń yí padà. Tí ìpáàrà bá nípọn tó ń bó ní ìpele ìpele, òkè lásán ló máa ṣe, ìsàlẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á dé ibi tó le.

Fún àwọn nǹkan kéékèèké, bíi bírákẹ́ẹ̀tì, ìdè ilẹ̀kùn, ẹ bu omi sí ike, ẹ da sódà ìfọṣọ sí i, ẹ fi ṣájà bátìrì 12 fólítì so ó: wáyà nẹ́gátíìfù sára nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀, pọ́sítíìfù sára ajákù irin. Ẹ má lo stainless fún ajákù yẹn, chromium tó máa jáde nínú ẹ̀ májèlé ni. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é torí gáàsì hydrogen tó ń hó jáde, ó ń gbiná. Ẹ má sì kó sípíríìǹgì sínú ẹ̀, hydrogen yẹn lè wọ inú irin líle kó mú kó máa ṣẹ́.

Àǹtí_Ọ̀dà

Ojú tí páànù méjì ti máa pàdé, kó o tó fi kíláàmpù fún un, kùn ún pẹ̀lú práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) oní-síńkì tó ṣeé jó wẹ́dì gbà. Tó o bá parí kò sí bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe máa débẹ̀ mọ́. Síńkì fúnra ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ kí irin má baà jẹ, òun náà ni Porsche fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo bọ́dì 911 láti ti ọdún 1976. Fi nǹkan bo imú o, èéfín síńkì ń fa ibà.

Tí wẹ́dì bá parí, má jẹ́ kí irin sùn níhòòhò mọ́jú. Epoxy práímà ni kó kọ́kọ́ kàn án lọ́jọ́ yẹn gan-an. Orí epoxy ni fílà yẹ kó wà, kì í ṣe orí irin, torí fílà ń mumi. Kó má ju 2 tàbí 3 mm lọ, tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀, páànù ni kó o padà lọ fi òòlù tún ṣe. Ọ̀dà 2K, èyí tí wọ́n ń po nǹkan méjì pọ̀ kí wọ́n tó kùn ún, ní kẹ́míkà isocyanate nínú, ìbòmú lásán ò tó fún un, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wá láti ìta ni. Mo mọ ẹnì kan tó ń kun mọ́tò tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Tí o ò bá ní irú ìbòmú bẹ́ẹ̀, kùn ún dé epoxy kó o gbé ìyókù fún ẹni tó ní in.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ra wáàsì (ìda tí kì í jẹ́ kí omi kan irin) fún inú síìlì, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tó ń fọ́n ọn yí ká. Gbé e sínú omi gbígbóná kó rọ̀, fọ́n ọn títí wàá fi rí i tó ń kán láti àwọn ihò omi ìsàlẹ̀. Tó bá kán tán, fi wáyà gún àwọn ihò yẹn kí wọ́n má dí. Ìpáàrà fẹ́ràn ihò tó dí.

Ọ̀rẹ́_Fáíbà

Mo rá wọ abẹ́ ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Apá ẹ̀yìn ò ní irin kankan mọ́. Bọ̀dá, ẹ má bínú, mo ti ń wá páànù.

Bọ̀dá_Wẹ́dà

Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá. Ṣí ojú ewé tìẹ, fi fọ́tò síbẹ̀, a ó jọ wò ó.

Onímọ́tò72

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà mí. Síìlì ọ̀tún ti wọlé, ti ìta, ti àárín, àti ìdajì castle rail. Páànù àárín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jó o, ti àkọ́kọ́ lọ́ nítorí mo kánjú, mo gé e kúrò. Ìwọ̀n ilẹ̀kùn bá ti ìwé mu níbi mẹ́ta, lókè ó fi 1 mm ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Bọ̀dá ní bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Wáàsì ti kán tán, mo ti gún àwọn ihò.

Rọ́bà ihò iwájú gíláàsì yẹn, Àǹtí, ewé kún inú ẹ̀ dé ẹnu, ó ti di ilẹ̀dú. Mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i. Lánàá mo da omi korobá kan síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi nawọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ní ó gbẹ. Gbogbo omi yẹn jáde sílẹ̀ lábẹ́ gíábọ́ksì.

Lọ́jọ́ Sátidé mo máa tú féńdà òsì. Mo ti gbé irin ìdè lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn.